ÌTỌ́JÚ ÌBỌN ỌDẸ NÍ Ọ̀TÙN-ÈKÌTÌ ÀTI AGBÈGBÈ RẸ̀ LÁTI ÌGBÀ OGUN KÍRÌJÌ

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bèèrè: ibo ni ìbọn ti wá, mélòó ni ó wọlé, irú ìyípadà wo ni ó sì mú bá ogun jíjà? Iṣẹ́ J. F. A. Ajayi àti Robert Smith lórí ogun Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó jáde ní ọdún 1964, àti iṣẹ́ S. A. Akintoye lórí ìjàdù agbára ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1840 sí 1893, tí ó jáde ní ọdún 1971, ti la ọ̀nà lórí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ní ọdún 1977, J. E. Inikori ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tí ó ń wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún tó 283,000 sí 394,000. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin kan wà tí kò tíì rí àyẹ̀wò tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí ìbọn bá ti kúrò ní èbúté, tí ó ti di ti ọdẹ, kí ni ó ń mú un wà ní ìlò fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tàbí títí tí ọmọ yóò fi jogún rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ tí kò dún nígbà tí ẹfọ̀n kọjú sí i wà nínú ewu. Èyí tí ìbọn rẹ̀ bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ wà nínú ewu tí ó ju ìyẹn lọ. Ìlú tí ó fi ààbò ara rẹ̀ lé irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sì ń pín nínú ewu méjèèjì.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iye ìgbà tí ó yẹ kí ọdẹ nu ìbọn kí ó sì fi epo pa á kì í ṣe ohun tí a lè fi iye ọjọ́ nìkan wọ̀n. Irú ẹ̀tù tí ìbọn ń lò, irú ìbọn tí ó jẹ́, àti ìgbà tí a wà nínú ọdún ni ó ń pinnu rẹ̀. Nítorí náà, bí ìbọn ti ń yí padà ni ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ ń yí padà. Ẹni tí ó bá mú ìlànà ti ìbọn kan lọ lò fún òmíràn yóò ba irin jẹ́, ó sì lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

Bí ìbọn ṣe gbilẹ̀ ní àríwá Èkìtì

Ọ̀tùn, ìlú Ọọ̀rẹ̀, ni olú ìlú Mobà. Ó wà ní ibi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìdó wà ní gúúsù rẹ̀, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn, nígbà tí ọ̀nà Ìlọrin gba òkè lọ. Ipò yìí ni ó jẹ́ kí ogun máa dé bá agbègbè náà láti ìhà méjì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ogun Ìlọrin láti òkè, ogun Ìbàdàn láti ìwọ̀-oòrùn.

Ọrun, ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni ohun ìjà kí ìbọn tó tàn kálẹ̀. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, jẹ́rìí sí i pé nínú ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n súnmọ́ etíkun ti ń lo ìbọn. Láti ìgbà náà ni ìbọn ti ń wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú èyí tí ó pọ̀ jù ni ìbọn ṣakabùlà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pè. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta. Òkúta ìṣáná ni ó ń ta iná sí ẹ̀tù kékeré tí ó wà nínú àwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná náà yóò sì gba ihò tóóró kan wọlé bá ẹ̀tù inú.

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1878, ni ó mú irú ìbọn mìíràn wá. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn wà lára àwọn ọba tí wọ́n para pọ̀ nínú Èkìtìparapọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pàgọ́ sí, àwọn Ìbàdàn sì wà ní Igbájọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí ìbọn Snider wà lára rẹ̀. Ìdí ni a ti ń ki èyí, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú àpò irin kan ṣoṣo. A fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àgọ́ ogun tó tú ká tán.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé lẹ́yìn ogun yìí, ìbọn tí a ń ki láti ìdí ni yóò gba ọwọ́ ọdẹ, tí ṣakabùlà yóò sì di ohun ìtàn. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé àwọn ìjọba òyìnbó tí ó wáyé ní Brussels parí sí àdéhùn ọdún 1890, èyí tí ó fi òfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n tí ó fi àyè sílẹ̀ fún títa ìbọn olókùúta-ìṣáná àti ẹ̀tù lásán lábẹ́ ìṣàkóso ìjọba. Ohun tí ìjọba amúnisìn kò bẹ̀rù ni ó fi sílẹ̀ fún ọdẹ. Èyí ni ó fà á tí ọdẹ Ọ̀tùn ní ọ̀rúndún ogún fi ń gbé irú ìbọn tí bàbá bàbá rẹ̀ gbé, tí ó sì ní láti máa tọ́jú rẹ̀ ní irú ọ̀nà kan náà.

Ohun tí ẹ̀tù ń ṣe sí irin

Ohun mẹ́ta ni a fi ń ṣe ẹ̀tù dúdú: iyọ̀ kan tí a ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí-ọjọ́. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ náà ń kó nǹkan bí 75, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Nígbà tí ẹ̀tù yìí bá jó, ohun tí ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Èéfín funfun a gbé apá kan jáde. Apá yòókù a lẹ̀ mọ́ inú ìbọn bí èérí dúdú. Iyọ̀ ni ó pọ̀ nínú èérí yìí, iyọ̀ a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọdẹ bá yìnbọn ní òru tí ó sì gbé ìbọn sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́, kí oòrùn tó yọ, inú ìbọn náà lè ti tutù bí ẹni pé ìrì sẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà nínú èyí. Epo kì í yọ́ iyọ̀. Omi ni í yọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fi epo pa inú ṣakabùlà tí kò tíì fi omi fọ̀ kàn bo iyọ̀ mọ́ ara irin ni. Òde ìbọn yóò máa dán, inú rẹ̀ yóò sì máa jẹrà. Nítorí náà, omi ni ó ní láti ṣáájú epo, omi gbígbóná sì ni ó dára jù, nítorí pé ó ń tètè yọ́ iyọ̀, ó sì ń mú irin gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí ó kù lára rẹ̀ fi ń tètè gbẹ. Ọdẹ yóò tú irin gbọọrọ ìbọn kúrò lára igi, yóò da omi sí i láti ẹnu, omi dúdú yóò sì máa tú jáde ní ihò tóóró tí ó wà ní ìdí. Ìgbà tí omi tí ń jáde bá mọ́ ni a ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, tí a ó yá a sí oòrùn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ iná, kí a tó fi epo kàn án.

Epo pupa, àdín àti òrí

Ipò Ọ̀tùn láàárín igbó àti ọ̀dàn mú kí oríṣi epo mẹ́ta wà ní àrọ́wọ́tó: epo pupa àti àdín láti ara ọ̀pẹ, àti òrí tí ó ń ti ọ̀dàn òkè wá. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n lójú irin. Epo pupa tí a fún nílé sábà máa ń ní omi àti ìkan nínú, pàápàá bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ìkan yìí a máa jẹ irin. Àdín tí a yan ekùrọ́ rẹ̀ dáadáa mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrí a máa lẹ̀ mọ́ òde irin dáadáa ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n àbùkù kan pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: wọ́n máa ń dì nígbà òtútù. Ní òru ọyẹ́, òrí tí a fi kún ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ìbọn lè dì tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta ìṣáná kò fi ní í ta dáadáa. Nígbà tí epo inú agolo tí ó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, àǹfààní rẹ̀ tí ó ga jù ni pé kì í dì. Kò sọ fífi omi fọ ìbọn di ohun àtijọ́.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, wà ní agbègbè Ọ̀yẹ́, kò sì sí ọdẹ ìbílẹ̀ kan ní àríwá Èkìtì tí kò mọ̀ pé epo pupa jẹ́ ohun tí a fi ń tu Ògún lójú. Onímọ̀ ìtàn tí ó bá kà á pé a ta epo sí ìbọn nígbà ọdún Ògún kò gbọdọ̀ sọ ètùtù di ìtọ́jú, kò sì gbọdọ̀ sọ ìtọ́jú di ètùtù. Epo ètùtù, orí òde irin ni a ń ta á sí. Epo ìtọ́jú, inú ihò àti ara ẹ̀rọ ni ó ń lọ. Síbẹ̀, ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́. Ọjọ́ Ògún a máa yí po ní ọrọọrún. Ọdẹ tí ó bá ń kó irin rẹ̀ síwájú Ògún ní ọrọọrún, kò ní í ṣe aláìrí i bí ìpẹtà bá ti ń yọjú. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ìsìn jẹ́ ohun tí ó pèsè òǹkà ọjọ́ fún ìtọ́jú ìbọn tí a kò yìn.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ?

Bí a bá kó gbogbo èyí pọ̀, a lè to ìlànà ìtọ́jú ṣakabùlà bí ó ti yẹ láti jẹ́ ní irú ilẹ̀ yìí. Èkínní, ìbọn tí ó bá dún lónìí, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, òní ni kí a fọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Èkejì, kí a tún fi aṣọ wò ó ní ọjọ́ kejì, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá sá pamọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìpẹtà yọ. Ẹ̀kẹta, ìbọn tí kò dún ṣùgbọ́n tí òjò tàbí ìrì pa, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí a nù ún kí a sì fi epo pa á. Ẹ̀kẹrin, ìbọn tí ó wà nílé lásán, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pé oṣù kan láìwò ó ní ìgbà òjò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a tó ki ìbọn, kí a nu epo inú rẹ̀ kúrò, nítorí epo tí ó bá kan ẹ̀tù yóò sọ ọ́ di òkú ẹ̀tù.

Àkíyèsí kan tún wà tí ó so mọ́ ìtọ́jú. Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, a ní láti mọ̀ bóyá ìbọn náà ti kì sílẹ̀. Ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn ni a ó tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí a ó fi ìka sàmì sí ibi tí ó dé, tí a ó sì fi wé gígùn irin lóde. Bí ọ̀pá kò bá kan ìdí, yálà ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, tàbí kòkòrò tí ń fi amọ̀ kọ́lé ti sọ ibẹ̀ di ilé. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹni tí ó bá ki ẹ̀tù mìíràn lé e lórí ti pe ikú wọlé.

Ìbọn búburú tàbí ìtọ́jú búburú?

Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí wọ́n kọ̀wé nípa ìbọn òwò ni wọ́n pè é ní ìbọn yẹpẹrẹ tí ó ń bẹ́ pa olówó rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. A ń fi owó pọ́ọ́kú ṣe ìbọn fún ọjà Áfíríkà ní Birmingham, ẹ̀sùn lórí rẹ̀ sì pọ̀. Ọdún 1813 ni òfin tó dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi alágbẹ̀dẹ òkèèrè nìkan kò lè ṣàlàyé ohun gbogbo. Ìbọn tí kò nípọn tó yóò tètè fi ara hàn; èyí tí ó bẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún ní ìtàn mìíràn nínú. Ìdí ìbọn ni èérí ẹ̀tù ń pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni agbára ẹ̀tù ti ń le jù nígbà tí ó bá jó. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ọdẹ sì ki ẹ̀tù àkìjù nítorí ẹranko ńlá, kò sí irin tí kò ní í tú.

Èyí kan bí a ti ń ka ìtàn ogun pẹ̀lú. Bí a bá ń sọ pé iye ìbọn báyìí wà ní àgọ́ báyìí, iye tí ó lè dún ni a kò tíì sọ. Èérí a máa dí ihò ṣakabùlà lẹ́yìn yíyìn mélòó kan, títí tí ọta kò fi ní í fẹ́ wọlé mọ́. Ìbọn Snider náà ń lo ẹ̀tù dúdú, ó sì nílò omi bákan náà. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tí ó ń ṣí jẹ́ kí a lè rí inú rẹ̀ já, kí a sì nù ún kíákíá. Nígbà tí a bá ń yin ìbọn Snider fún ìyára rẹ̀ nínú ogun Kírìjì, ó yẹ kí a ka ìrọ̀rùn ìtọ́jú mọ́ ohun tí ó fún un ní agbára, pàápàá nínú àgọ́ tí òjò ti pa fún ọdún púpọ̀.

Ìbọn titun, ewu titun

Ní ọdún 1884 ni Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín púpọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀tù irú èyí ni ó wà nínú ọta ìbọn olójú kan àti olójú méjì tí ó dé ọwọ́ àwọn ọdẹ nígbà tí ó yá. Èérí rẹ̀ kéré, kò sì kún fún iyọ̀ bí ti ẹ̀tù dúdú. Irú ìbọn yìí kò béèrè pé kí a máa da omi gbígbóná sí i. Aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì àti epo díẹ̀ ti tó lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tí ó ti mọ ìbọn olójú méjì lára, tí ó rò pé epo díẹ̀ ti tó, tí ó sì padà sí ṣakabùlà bàbá rẹ̀, yóò fi epo bo iyọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó sì ti ọ̀dọ̀ ṣakabùlà wá, tí ó rò pé bí epo bá ti pọ̀ tó ni ìbọn ṣe ń dára tó, yóò kó epo kún inú ẹ̀rọ ìbọn titun. Epo yóò kó eruku jọ, ìbọn yóò sì há nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

Òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà to ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìsọ̀rí kẹta sì ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn mìíràn tí a ń ki láti ẹnu wà. Níní, rírà, títà àti ṣíṣe ìbọn ni òfin náà dojú kọ. Bí ìbọn ti rí nínú jẹ́ ohun tí ó kù sí ọwọ́ ọdẹ àti àwọn àgbà ọdẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ẹran ìgbẹ́ nìkan. Láti ọdún 2020 tí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọdẹ ti tún di ẹni tí ìlú ń wò fún ààbò igbó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye ọdẹ àti iye ìbọn ni a sábà máa ń kà. Ìbọn tí ó ti jẹrà nínú wà lára iye náà, ṣùgbọ́n kò sí lára agbára.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtọ́jú ìbọn ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ìtàn náà kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn òwò, ogun, òfin amúnisìn àti ìsìn Ògún ní àríwá Èkìtì. Àdéhùn tí a ṣe ní Brussels ní ọdún 1890 ni ó mú kí ẹ̀tù dúdú pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ Ọ̀tùn. Ẹ̀tù dúdú ni ó sì sọ omi di dandan kí epo tó dé. Ẹni tí ó bá béèrè iye ìgbà tí ó yẹ kí a tọ́jú ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irú ìbọn tí ó jẹ́, ohun tí ó ń lò, àti ìgbà tí ó dún kẹ́yìn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ̀sọ̀ náà ní àkókò: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni.